ÌBẸ̀RẸ̀ ÀTI ÌNÀGÀ: Ìtàn Ẹ̀yìn Ríro Láàárín Àwọn Tí Ń Tọ́jú Oko Kòkó ní Agbègbè Ìkirè àti Àpòmù

Kí a tó wọ inú ìtàn, orúkọ ìlú kan ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Orúkọ náà ni Ararọ̀mí-Òwu, ìlú àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìkirè àti Àpòmù, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ararọ̀mí pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ogun tàbí ìjà lé kúrò níbi tí ó wà, tí ó wá rí ilẹ̀ tí ó dára àti omi tí ó mọ́, tí ó sì mí kanlẹ̀, òun ni ó máa ń sọ ibùdó rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ara rọ̀ mí. Òwu tí a fi kún un ń rán wa létí ogun tí ó fọ́ ìlú Òwu láàárín ọdún 1820 sí 1830, ogun tí àwọn òpìtàn so mọ́ aáwọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Àpòmù gan-an. Lẹ́yìn ogun náà ni àwọn ọmọ Òwu fọ́n káàkiri, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá àwọn Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta.

Ní irú ilẹ̀ tí a fi ìrọ̀rùn ara sọ lórúkọ yìí ni kòkó wá gbilẹ̀ sí. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ohun tí ìtọ́jú kòkó ṣe sí ẹ̀yìn àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀, àti ìdí tí ó fi jẹ́ pé nínú gbogbo ìwé tí a kọ nípa kòkó, ẹ̀yìn yìí ni a kì í kà mọ́ iye tí a fi ra ọrọ̀ náà.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ eegun ẹ̀yìn. Ìdáhùn mi ni pé inú èdè ni àìsàn ti ń kọ́kọ́ gba orúkọ, orúkọ tí ó sì gbà ni yóò sọ ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ yóò bá. Nínú èdè wa, ẹ̀yìn ju apá kan lára ènìyàn lọ. Ẹ̀yìn ni a ń pọn ọmọ sí. Ẹ̀yìn tún ni ìgbà tí ń bọ̀, ìdí nìyí tí a fi ń gbàdúrà pé kí ẹ̀yìn wa ó dára. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ méjì fún wa: a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bóyá ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ara wọn tan, bóyá wọn kò tan, n kò ní bá àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè jà lórí ìyẹn. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé, lóko, kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣe èkíní láìṣe èkejì.

Ìnàgà ni èkejì ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó nàgà gbé gìgísẹ̀ sókè, ó na apá, ó sì dá orí sẹ́yìn kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ohun tí ó ga jù ú lọ. Òwe wa tí ó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tí ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè, ìrànlọ́wọ́ láàárín ọmọdé àti àgbà ni a sábà máa ń fi kọ́ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà tún ń sọ ohun mìíràn tí a kì í tẹ́tí sí: pé ohun èlò ní ìwọ̀n tirẹ̀, ara ní ìwọ̀n tirẹ̀, àti pé níbi tí ìwọ̀n méjèèjì kò bá ti bára mu, ara ni yóò tẹ̀.

Ẹ wo àwọn ohun èlò ìtọ́jú tí a jogún. Ọkọ́ wa kúrú. Àdá wa kúrú. Ìgbálẹ̀ tí a fi ọ̀wọ̀ igi ọ̀pẹ ṣe kúrú. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a lè lò ní ìdúró. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ̀ pé igi gígùn wà nínú igbó. Ọkọ́ kúkúrú ni ó rọrùn láti fi kọ ebè láàárín kùkùté, òun ni ó jẹ́ kí ojú súnmọ́ ilẹ̀ kí a má baà gé ọmọ iṣu tàbí ẹ̀gé pọ̀ mọ́ koríko, òun náà ni a sì lè fi wọ abẹ́ ẹ̀ka tí ó tẹ̀ wálẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Owó ọgbọ́n náà ni ẹ̀yìn ń san.

Ṣùgbọ́n ètò iṣẹ́ àtijọ́ mọ̀ bí a ti ń dín owó yìí kù. Nínú àáró, àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń ṣe oko ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó ni oko a pe ará àti ọ̀rẹ́, a sì fi oúnjẹ àti ẹmu dá wọn lọ́lá. Ìdíje wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orin àti àwàdà wà, ìsinmi sì wà. Àní ìkíni wa pàápàá ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹni tí ń kọjá lọ lójú ọ̀nà oko kò gbọdọ̀ kọjá láìkí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ pé ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tí a kí yóò nà ró, yóò fi ọwọ́ kan gbá ìbàdí mú, yóò sì dáhùn. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá kọjá ní òwúrọ̀, ìgbà mẹ́wàá ni ẹ̀yìn náà ti nà. N kò sọ pé ìtorí èyí ni a ṣe ń kíni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ìkíni Yorùbá jẹ́ ìfiàkókòṣòfò, kò tí ì roko rí.

Ti ìwọ̀fà yàtọ̀. Ìwọ̀fà ni ẹni tí ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dúró fún èlé owó tí a yá. Iye ebè ni a fi ń ka iṣẹ́ rẹ̀, owó tí a jẹ kò sì dín kù bí ó ti wù kí ó bẹ̀rẹ̀ tó. Níbi yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ ti kọ́kọ́ di ohun tí a ń fi iye kà fún ẹlòmíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Kòkó dé. Àwọn oníṣòwò Èkó bíi J. P. L. Davies àti J. K. Coker ni a sábà ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí aṣíwájú, nítorí oko tí wọ́n dá ní agbègbè Agége. Láti nǹkan bí ọdún 1890 ni kòkó ti wọ ilẹ̀ Ìbàdàn, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn dé ìhà Ìkirè, Àpòmù, Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀. A mọ ohun tí ó fún wa. Owó kòkó wà lára ohun tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ Ilé Kòkó tí a parí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965. Nígbà tí ó fi máa di ìkórè ọdún 1970 sí 1971, kòkó tí Nàìjíríà kó jọ ti tó nǹkan bí 300,000 tọ́ọ̀nù. Láti ọwọ́ alákòóso dé ọwọ́ onímọ̀ ọrọ̀-ajé, a kọ ìwé rẹpẹtẹ lórí rẹ̀. Ti Galletti, Baldwin àti Dina, tí ó jáde ní ọdún 1956 lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá, ṣì jẹ́ ìwé tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kà. Tọ́ọ̀nù, pọ́n-ùn àti éékà ni ìṣirò wọn. Ẹ̀yìn kò ní òṣùwọ̀n.

Àwọn ènìyàn a máa rò pé bí a bá ti gbin kòkó tán, jíjókòó ni ó kù kí àgbẹ̀ máa ṣe. Irọ́ ni. Ìtọ́jú ni iṣẹ́ kòkó. Oko tí kòkó rẹ̀ ṣì kéré, a óò ro ó lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún; àdá ni a ń lò, ẹni tí ń fi àdá ṣán koríko mọ́lẹ̀ sì ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ba, ó ń yí ìbàdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí ewé bá pa orí oko dé, koríko a dín kù, ṣùgbọ́n a ó máa gé ọ̀mùnú tí ń yọ ní ìdí igi, èyí tún ni ìbẹ̀rẹ̀. A ó sì máa gé àfòmọ́ tí ń mu omi ara igi lókè, èyí ni ìnàgà. Bí igi ti ń dàgbà ni ó ń ga. Ọ̀pọ̀ oko agbègbè yìí ni a gbìn ní ayé àwọn baba àti baba ńlá àwọn tí ń tọ́jú wọn, èso wọn kò sì sí lárọ̀ọ́wọ́tó mọ́. Ọ̀pá gígùn tí a fi ọ̀bẹ sí lẹ́nu ni a fi ń já wọn. Ẹni tí ó di ọ̀pá náà mú yóò wo òkè, yóò nàgà, yóò fà á. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti ṣa ohun tí ó já bọ́. Ẹgbẹ̀rún èso, ẹgbẹ̀rún ìbẹ̀rẹ̀.

Fífín kòkó ni ó le jù. Ní àkókò òjò, àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ sinmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn amòye ní kí a máa fín oògùn tí a fi kọ́pà ṣe. Ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn náà ń gba nǹkan bí lítà 15. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà kílò 15 ni omi nìkan, láìka ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó gbé e yóò máa fi ọwọ́ kan fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, yóò fi èkejì na ọ̀pá oògùn sókè, ojú rẹ̀ yóò sì wà lókè láàárín ewé nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò tẹ̀ láàárín gbòǹgbò àti ewé tútù. Bí ẹ̀rọ bá gbẹ, yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò lọ pọn omi mìíràn. Àwọn obìnrin ni ó sábà máa ń ru omi yìí, àwọn náà ni ó ń ru kòkó tútù láti ibi tí a ti pa á lọ sí ibi tí a ń sá a, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìtàn kòkó a máa sọ pé ọkọ ni ó ni oko. Orí àti ẹ̀yìn ìyàwó ni kòkó fi ń jáde nínú igbó.

Kí ni ìbẹ̀rẹ̀ ń ṣe ní inú ara? Eegun ẹ̀yìn jẹ́ oríkèé tí ó tò lé ara wọn, tìmùtìmù kan sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn bá nà ró, ìwọ̀n ara rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ tààrà lórí wọn. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, orí, apá àti àyà, tí wọ́n tó ìdajì ìwọ̀n ara tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò so rọ̀ síwájú bí ẹrù tí a gbé kọ́ orí ọ̀pá. Iṣan ẹ̀yìn tí kò jìnnà sí eegun ni yóò sì máa fà á padà, pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ ju ẹrù náà fúnra rẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1960 ni Alf Nachemson, oníṣègùn ará Sweden, fi abẹ́rẹ́ wọn ìnira tí ń bẹ nínú tìmùtìmù yìí lára àwọn alààyè. Ó rí i pé bí ènìyàn bá tẹ̀ síwájú, ìnira náà a fi bí ìdajì pọ̀ ju ti ìdúró lọ. Bí ó bá tún gbé ẹrù lọ́wọ́, a ju ìlọ́po méjì lọ. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1934, Mixter àti Barr ní Boston ti fi hàn pé tìmùtìmù tí ó yọ síta lè tẹ iṣan ìmọ̀lára, kí ó sì fa oró tí ń sáré wọ ẹsẹ̀. Nǹkan mìíràn wà tí ó kan àwọn àgbẹ̀ wa gan-an. Ẹni tí ó bá tẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, okùn tí ó di eegun ẹ̀yìn mú a máa dẹ̀; bí ó bá wá dìde lójijì tí ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ kòkó, ìgbà tí ẹ̀yìn kò ní ìdúró ni ó gbé ẹrù lé e. Ọjọ́ yẹn ni yóò máa rántí pé ẹ̀yìn òun já. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni ó já.

Níbi yìí ni èdè wa ti ṣì wá lọ́nà díẹ̀. Bí ìbàdí bá ń dun ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu ni jẹ̀díjẹ̀dí, àìsàn tí ń jẹ ìdí, tí a sì gbà pé ohun dídùn ni ó ń fà á. Bí kò bá jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí, làkúrègbé ni. N kò fẹ́ fi àwọn oníṣègùn wa ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí ìrora tí ó dájú, àgbo tí a sì ń tà ní ibùdókọ̀ ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé ìrora náà fún ọjọ́ kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ náà ń bèèrè ohun tí aláìsàn jẹ, kò bèèrè ohun tí ó ṣe. Ní ọdún 1700, Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, kọ ìwé lórí àìsàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì fi ìbéèrè kan kún àwọn tí oníṣègùn gbọ́dọ̀ bi aláìsàn: iṣẹ́ wo ni ìwọ ń ṣe? Bí a bá fi ìbéèrè yìí lọ ẹni tí ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ní Ararọ̀mí-Òwu, ìdáhùn tí a óò gbọ́ kò ní í jẹ mọ́ ṣúgà.

Lítíréṣọ̀ wa kò ràn wá lọ́wọ́ tó nínú èyí. Akọni inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938, ọdẹ ni. Ìjálá, ti ọdẹ ni. Oríkì àgbẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ebè àti iṣu ni ó sábà ń yìn. Ẹni tí ń tọ́jú ohun tí ó ti wà nílẹ̀, tí ó ń gé koríko tí yóò tún hù, kì í sábà di akọni ìtàn.

Ní ti ìjọba, òfin dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà dé yẹ ní àkíyèsí. Iṣẹ́ ìlú ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ara òṣìṣẹ́ di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní Èkó daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Gómìnà McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà. Ní àkókò yìí kan náà ni a ń la ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 àti Òṣogbo ní 1907. Iṣẹ́ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀, tí ń kó òkúta sí abẹ́ igi ojú irin, ìbẹ̀rẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Michael Imoudu, tí ó ṣe aṣíwájú nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti ọdún 1945, láti inú iṣẹ́ rélùwéè ni ó ti wá. Láàárín èyí, ní ọdún 1941, ni a ṣe òfin owó gbà-má-bìínú fún òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa. Gẹ́gẹ́ bí ti ìlú Òyìnbó tí a ti gbé e wá, ìjàm̀bá ni òfin náà ń wá: ọjọ́ kan, wákàtí kan, ohun tí ó wó lu ènìyàn. Ìka tí ẹ̀rọ gé ní iye. Ẹ̀yìn tí ogún ọdún jẹ díẹ̀díẹ̀ kò ní ọjọ́ tí a lè kọ sínú ìwé.

Ẹjọ́ kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó yẹ kí a mọ̀ ní ìhà ibí. Ní California, ọkọ́ kúkúrú ni a ń fún àwọn òṣìṣẹ́ oko, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Mẹ́síkò, láti fi ro ewébẹ̀. Wọ́n ń pè é ní el cortito, èyíinì ni kúkúrú kékeré. Àwọn olóko ní bí ọkọ́ bá gùn, òṣìṣẹ́ yóò máa gé ewébẹ̀ dànù. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ ìdí mìíràn: bí gbogbo ènìyàn bá gbọ́dọ̀ tẹ̀, ẹni tí ó bá nà ró ni ọ̀gá yóò rí lójú ẹsẹ̀. Òfin ti wà tí ó lòdì sí ohun èlò tí ó léwu, ṣùgbọ́n àwọn alábòójútó túmọ̀ rẹ̀ sí ohun èlò tí ó fọ́ tàbí tí ó bàjẹ́ nìkan. Ní oṣù kìíní ọdún 1975, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní California sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun èlò tí kò fọ́, tí ọ̀nà tí a fi ń lò ó ń ba ara jẹ́, ewu ni. Ní ọdún náà ni ọkọ́ kúkúrú kúrò nínú oko wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ kedere pé n kò ní kí a lọ kó ọkọ́ ilé wa dànù. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó mú ọkọ́ kúkúrú nítorí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, tí ó sì lè nà ró nígbà tí ó bá fẹ́, àti ẹni tí a kò gbà láyè kí ó nà.

Ní Nàìjíríà, òfin tuntun dé ní oṣù kejìlá ọdún 2010. Ó gbòòrò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: kì í ṣe ìjàm̀bá nìkan ni ó wà fún, àìsàn tí iṣẹ́ fà pẹ̀lú. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí agbanisíṣẹ́ ń san ni ó gbọ́dọ̀ máa dá sínú àpò náà. Ìtẹ̀síwájú ni. Ṣùgbọ́n oko kòkó kò ní ìwé owó oṣù. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ọ̀gá ara wọn, àwọn tí kì í sì í ṣe ọ̀gá ara wọn, àgbàṣe ni wọ́n ń ṣe.

Lẹ́yìn tí ìjọba pa àwọn àjọ tí ń ra kòkó rẹ́ ní ọdún 1986, iye owó kòkó di ohun tí ń lọ tí ń bọ̀, àwọn ọmọ àgbẹ̀ sì ti gba ìgboro lọ, àwọn kan sórí ọ̀kadà. Àwọn tí ó kù nínú oko ń darúgbó pẹ̀lú igi wọn. Oògùn apakoríko ti dín iṣẹ́ àdá kù, èyí tí ó jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ dín, ẹ̀rọ ẹ̀yìn sì pọ̀ sí i. Ibùdó ìwádìí kòkó tí ó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ láti ọdún 1964 ti fún wa ní irú kòkó tí ń yára so, àwọn amòye sì ń gba àgbẹ̀ níyànjú pé kí ó máa gé orí igi kí ó má baà ga jù. Èso ni wọ́n ń rò. Igi tí kò ga jù kò gba ìnàgà, àǹfààní yìí náà sì yẹ kí a máa kà mọ́ ọn.

Alágbàṣe ni ó wá ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí ó le. Láti ilẹ̀ Ìgédé àti Àgàtú ni àwọn kan ti ń wá, láti ilẹ̀ Olómìnira Benin ni àwọn mìíràn. Iye ilẹ̀ tí ó ro ni a fi ń san owó rẹ̀, bí a ti ń fi iye ebè ka ti ìwọ̀fà, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni kì í gba ara rẹ̀ láyè láti nà ró. Ìwádìí tí a gbé jáde ní ọdún 2023 sọ pé ènìyàn 619 mílíọ̀nù ni ìbàdí ń dùn ní gbogbo ayé ní ọdún 2020, àti pé kò sí àìsàn mìíràn tí ń sọ ènìyàn di aláìlera tó bẹ́ẹ̀. Alágbàṣe yìí wà lára wọn, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí ó so ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ oko tí ó ti roko. Nígbà tí ọdún bá parí, yóò gba owó rẹ̀, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì wọkọ̀ ní Ìkirè padà sí ìlú rẹ̀. Bí ẹ̀yìn kò bá jẹ́ kí ó padà wá ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹni tí ó ni oko yóò rò pé ó ti rí iṣẹ́ mìíràn, yóò sì wá ẹlòmíràn.